Ohun Tí Àwọn Ọmọ Dà Kọ Lójú Pátákó

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé Àtọ́kẹ́ dárí ji Akínyẹlé. Tíṣà ni ní Ìkìrun, ẹni jẹ́jẹ́ lójú ayé, ó ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1988 ló ti fi ọ̀rọ̀ Akínyẹlé sẹ́nu, kò gbé e mì, kò sì tu ú.

Kí ni Akínyẹlé ṣe? Òun ni ọ̀gá àgbà nígbà tí Àtọ́kẹ́ ń ṣiṣẹ́ ní Inísà. Ọmọ Àtọ́kẹ́ ṣàìsàn, ó pẹ́ dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ọkùnrin yìí bá ní kó kúnlẹ̀ láàárín àwọn ọmọ tó pẹ́, kó sì gbọ́wọ́ sókè. Tíṣà o! Àwọn ọmọ tó ń kọ́ ní ABD fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọdún fi parí.

Ní 1996, Ọ̀mọ̀wé Ọlánípẹ̀kun ti yunifásítì wá ń ṣe ìwádìí: báwo ni tíṣà ṣe ń kó ara rẹ̀ níjàánu bí inú bá ń bí i? Ṣé ó mọ ohun tó ń dun ọmọ? Àtọ́kẹ́ ni wọ́n ní kó pín ìwé ìbéèrè náà ní Ìkìrun, Inísà àti Òkukù. Àwọn ọmọ ni yóò dáhùn, wọn kò sì ní dárúkọ tíṣà kankan; tíṣà tó ń pín ìwé náà yóò sì dáhùn ti ara rẹ̀. Ó gbé ti Inísà lé Akínyẹlé, tó ṣì jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀, lọ́wọ́.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ tinú wọn o, sà."

"Mo ti gbọ́." Kò tilẹ̀ dá a mọ̀ mọ́. Èyí ló dun Àtọ́kẹ́ jù.

Nígbà tí ìwé padà dé, Àtọ́kẹ́ kà á, ó pariwo, "Olúwa, o ṣeun!" Akínyẹlé ti kọ ìdáhùn sójú pátákó kí wọ́n dà á kọ. Ẹ sì mọ ọmọ iléèwé: ohun tó bá ti wà lójú pátákó, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń kọ. Ìwé méjìlélógójì, ọ̀rọ̀ kan náà: "Ọ̀gá wa fẹ́ràn wa, wọn kì í bínú. Ẹni tó bá kọ òmíràn yóò jẹ ẹgba méjìlá."

Lọ́jọ́ ìpàdé àwọn tíṣà ní Òkukù, wọ́n ní kí Àtọ́kẹ́ ka díẹ̀ nínú àwọn ìwé náà. Ó ka márùn-ún, kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ká ní Akínyẹlé dákẹ́ ni, ta ni ìbá mọ̀? Ó fò dìde, ó gbá tábìlì: "Irọ́ ni! Àwọn ọmọ mi kò gọ̀ tó bẹ́ẹ̀! Màá nà wọ́n débi pé..." Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ó jáde, ó gbàgbé fìlà rẹ̀ sórí àga. Inú Àtọ́kẹ́ dùn, ó dùn débi pé ó ń tì í lójú díẹ̀.

Ọ̀mọ̀wé wá na ìwé kan sí i. "Ẹ̀yin náà kò tíì dáhùn tiyín tán, mà. Ìbéèrè kan ló kù."

Ó kà á: Bí ẹnìkan bá ṣẹ̀ ọ́, ṣé o máa ń gbé e kúrò lọ́kàn?

Àtọ́kẹ́ kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó kọ ọ́ gàdàgbà: "Rárá."