Ọjọ́ Tí Ará Kòríà Ṣe Ìdánwò Èdè Ṣáínà

Òórùn sìmẹ́ǹtì tútù àti ẹrọ̀fọ̀ oko ìrẹsì, lójú ọ̀nà Akpro-Missérété, nítòsí Àjàṣẹ́, kò tíì kúrò nímú mi títí di òní. Àwọn ará Ṣáínà ló ń la omi sí oko náà, ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn tí àwọn sójà gba ìjọba, tí gbogbo wa di kamaráàdì, ẹlẹgbẹ́ ara wa. Mọlémọlé ni mí, èmi ni mo ń mọ ojú omi wọn. Ìwé mi kò kọjá kíláàsì kejì, ṣùgbọ́n kò sí èdè tí etí mi gbọ́ fún oṣù mẹ́fà tí ẹnu mi kò ní sọ. Lẹ́yìn ọdún kan lóko yẹn, èdè Ṣáínà ni mo fi ń bá wọn ṣàwàdà. Ta ló tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní Àjàṣẹ́? Dárúkọ rẹ̀ fún mi.

Nígbà náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin ará Kòríà kan dé, onímọ̀ ẹ̀rọ omi. Ọ̀gá àwọn ará Ṣáínà ní kò lè darí iṣẹ́ àfi tó bá yege ìdánwò ẹnu: òun á béèrè, ará Kòríà á dáhùn ní èdè Ṣáínà, láìsí ìwé lọ́wọ́. Tó bá kùnà, ilé ló ń lọ. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, èmi ni màá kọ́ ọ.

Bí wọ́n ṣe kọ́ mi níṣẹ́ ni mo ṣe kọ́ ọ. Lọ́dọ̀ àwa mọlémọlé, igi òòlù ni ọ̀gá fi ń tọ́ ọmọṣẹ́ sọ́nà. Ará Kòríà bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, mo fi igi òòlù gbá a lórí. Ó tún ṣì í, mo tún gbá a. Kò sunkún, á fọwọ́ pa orí, á tún ọ̀rọ̀ náà sọ. Mo ń yangàn kiri pé orí ẹ̀ ti ń ṣí. Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò gan-an, ọwọ́ mi le jù, iwájú orí rẹ̀ là, ẹ̀jẹ̀ bo ẹ̀wù rẹ̀.

Ọmọ mìlísì kan, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ tí ìjọba kó ìbọn fún, tó ń ṣọ́ oko, rí wa. Ọmọ àdúgbò mi ni, a jọ gbá bọ́ọ̀lù ní kékeré.

"Ṣé ìwọ lò ń pa kamaráàdì wa? Àwọn amúnisìn ló rán ọ, àbí?"

Mo rẹ́rìn-ín. "Ìwọ yìí náà! Lọ nu ikun imú rẹ. Ọ̀gá ń kọ́ ọmọṣẹ́ ni."

Ìdí ìbọn ló fi dá mi lóhùn. Eyín mi méjì bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn mẹ́ta mìíràn sáré dé, wọ́n fi bàtà tẹ̀ mí mọ́ iyanrìn, wọ́n gbá mi níhà títí egungun kan fi dún bí igi gbígbẹ. Wọ́n dè mí lọ́wọ́ sẹ́yìn, wọ́n ní àgọ́ sójà ni mo ń lọ. Ẹni tó bá lọ síbẹ̀ nígbà náà, ìwọ náà mọ̀ pé a kì í béèrè ìgbà tí yóò dé.

Ariwo yẹn ló gbé ọ̀gá ará Ṣáínà jáde. Ó wo ẹ̀jẹ̀ ara àwa méjèèjì, ó sì pa ìwé ìbéèrè rẹ̀ dé. Ó sọ fún ará Kòríà pé, "Ìdánwò ti bẹ̀rẹ̀. Sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi."

Mo gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ láti inú iyanrìn.

"Ọkùnrin yìí ló lù mí," ni ará Kòríà fi èdè Ṣáínà wí. "Oṣù méjì ló ti ń lù mí. Lílù yẹn kò kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ kan. Ẹ̀rù nìkan ló fi sí mi lára. Ṣùgbọ́n tí a bá jókòó jẹun, á máa fi èdè yín fọ́nnu, bó ṣe gbé ọkùnrin méjì sọ sódò lẹ́ẹ̀kan. Mo fẹ́ mọ ibi tí irọ́ náà máa parí sí, ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ èdè yín. Tí wọ́n bá mú un lọ, mi ò ní dáhùn ìbéèrè kankan mọ́. Ẹ dá mi padà sílé."

Ọ̀gá yíjú sí àwọn mìlísì, ó fi Faransé sọ pé olùkọ́ ni mo jẹ́, kí wọ́n tú mi sílẹ̀. Kò tún bi ará Kòríà ní nǹkan kan. Ó ti yege.

Irọ́ kọ́ o: ọkùnrin kan ni mo sọ sódò, èkejì ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ kó sí i. Ṣùgbọ́n ìhà mi tó fọ́ kò dùn mí tó ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu ọmọ yẹn. Mo ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọṣẹ́ láti ìgbà náà, n kò gbá ẹnikẹ́ni. Àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọn ọmọ mi kò bẹ̀rù mi. Òótọ́ ni. Bí wọ́n bá ṣe àṣìṣe, àwọn fúnra wọn ló ń wá sọ fún mi.