Álọ́ọ̀mù tó wà nínú garawa mi

Aago méje àárọ̀ ku ogún ìṣẹ́jú ni, Sátidé tó kọjá, nínú ilé tí mo háyà yàrá kan sí ní Ìgbògbò. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ yìí ń jẹ mí lọ́kàn gan-an.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé kámẹ́rà onífíìmù ni mo ń lò, dúdú àti funfun. Látìgbà tí mo ti parí iṣẹ́ agùnbánirọ̀ tí n kò ríṣẹ́, fúnra mi ni mo ń po omi tí mo fi ń fọ fíìmù. Màá wọn àwọn kẹ́míkà náà lórí òṣùwọ̀n kékeré, màá pò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan mọ́ omi kànga tí mo máa ń fà sínú garawa mi lẹ́yìnkùlé. Sódà ló máa ń kẹ́yìn.

Fíìmù méjì ló wà nílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Ẹ̀pẹ́ ló wà nínú méjèèjì, àwọn àti ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n kàn gbẹ̀yìn. Ojú wọn ti ń lọ, wọn ò ní kan òmíràn mọ́. Ẹni tó ra ọkọ̀ náà sì ti gbé e lọ. Bàbá ní kí n yára mú àwòrán náà wá kí àwọn ṣì lè rí i.

Bí mo ṣe da sódà sí i, omi náà funfun bí omi ògì. Ó yẹ kí n dúró. N kò dúró! Mo ní sódà ni kò dáa, mo fi hánkáṣíìfù sẹ́ ẹ, mo fi fọ fíìmù kan. Nígbà tí mo fà á jáde, ó mọ́ gaara bí ọ̀rá. Kò sí bàbá, kò sí ọkọ̀.

Mo jáde sẹ́yìnkùlé. Ìyá Ráfíù, tí yàrá wọn kọjú sí tèmi, wà nídìí garawa mi. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n fi nǹkan sínú omi náà. Wọ́n ní àwọn fi álọ́ọ̀mù sí i lálẹ́ àná kí ìdọ̀tí lè rọ̀ sísàlẹ̀. Ṣé ẹ rí i, omi kànga wa máa ń pọ́n bí irin tó dípẹtà. Wọ́n ní àánú mi ló ṣe àwọn, torí àwọn máa ń rí mi tí mò ń fi aṣọ sẹ́ omi.

"Ìkà ni ọ́!" Ohun tó jáde lẹ́nu mi nìyẹn, sí ìyá tí ọmọ wọn jù mí lọ. Gbogbo ilé gbọ́.

Wọn ò pariwo. Wọ́n kàn ní, "Gràdúéètì, omi álọ́ọ̀mù ni gbogbo wa ń mu nílé yìí. Ìwọ lò ń po májèlé."

Májèlé! Kó tó di ọ̀sán, ẹnìkan ti ní oògùn olóró ni mò ń sè. Lánlọ́ọ̀dù ní kẹ́míkà mi ò gbọ́dọ̀ bá ọjọ́ Jímọ̀ nínú ilé òun.

Mo fi omi inú ọ̀rá dán sódà náà wò, kò funfun rárá. Mo fi ti garawa dán an wò, ó funfun. Ẹ̀rí wà pé álọ́ọ̀mù ni. Ṣùgbọ́n kí ni ẹ̀rí náà fẹ́ ṣe fún mi? Èmi kọ́ ni mo rí omi funfun tí mo tún fi fọ fíìmù? Mo dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Ráfíù lánàá. Wọ́n gbé garawa wọn gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé bí omi bá ti yí àwọ̀, kéèyàn dáwọ́ dúró. Bí inú bá ti ń bíni, kéèyàn pa ẹnu mọ́.

Ọ̀la ni ọjọ́ Jímọ̀. Mo ti ń di ẹrù kẹ́míkà mi, kí n lọ fọ fíìmù tó kù lọ́dọ̀ bàbá ní Ẹ̀pẹ́, níbi tí màá ti jẹ́wọ́ pé ìdajì àwòrán náà ti lọ. Èyí tó le nìyí: ẹnu ọ̀nà Ìyá Ráfíù ni màá gbà jáde. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bú ẹni tó ṣe yín lóore rí, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n sọ fún wọn?