Ẹ̀rọ Tí Ọkọ Mi Ní Kí N Má Fọwọ́ Kàn

Àárọ̀ lọkọ mi kú. Ó kírun àsùbáà tán, ó ní àyà ń dun òun, kí á sì tó gbé e dé ọsibítù, ó ti lọ. Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, a ti sin ín. Bí àwa mùsùlùmí ṣe ń ṣe é nìyẹn, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni jà lórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan dùn mí, ó ṣì ń dùn mí títí dòní. Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ọkùnrin yìí la ti jọ ń tẹ ìwé ètò ìsìnkú fún àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Fọlá Agoro. Èmi ni mò ń jókòó ti kọ̀ǹpútà, òun ló wà nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ọ̀rọ̀ ìdágbére ìyàwó wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ mi lóríṣiríṣi, ká kàn pààrọ̀ orúkọ ni. Olólùfẹ́ mi, ikú ṣèkà, o lọ láìdágbére. Mo ti bá opó tí mi ò mọ̀ rí sunkún lórí kọ̀ǹpútà. Nígbà tó wá kàn mí, kò síwèé, kò sétò, kò sì sẹ́ni tó béèrè pé kí ni mo fẹ́ sọ. Wọ́n ní kí n wọlé opó.

Opó tiwa, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni. O ò ní jáde, o ò ní kun àtíkè, o ò ní ṣẹ̀ṣọ́. Yàrá wa ní Bàrígà ni mo wà, mò ń gbọ́ bí ayé ṣe ń lọ lójú títì, bíi pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tó ń ta páàtì mọ́tò nítòsí Palmgrove, wá bá mi lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn. Ojú ẹ̀ wú fún ẹkún. Ọmú kan náà lòun àti ọkọ mi mu.

"Ìyàwó," ó ní, "ẹ̀rọ yẹn, mo ti rí ẹni tó fẹ́ rà á. Bó bá dúró síbẹ̀ láìṣiṣẹ́, ìpẹtà ni yóò jẹ ẹ́."

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló ní kò ní ṣiṣẹ́?"

"Ta ló máa dúró nídìí ẹ̀?"

"Èmi ni."

"Ìyàwó, ọkọ ẹ fúnra ẹ̀ ò jẹ́ kó o súnmọ́ ọn."

Háà! Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi dé egungun, nítorí òótọ́ ni. Kò tíì pẹ́ tí mo wọlé ọkọ nígbà náà, mo fẹ́ fa ìwé tó há sínú ẹ̀rọ yọ, rólà, ọ̀pá roboto tó ń yí nínú ẹ̀rọ, sì mú etí híjáàbù mi. Ọkọ mi ló sáré pa ẹ̀rọ. Ó pariwo mọ́ mi lọ́jọ́ náà débi pé àwọn ará ṣọ́ọ̀bù kejì sá wá. "Má fọwọ́ kàn án mọ́ láéláé." Lẹ́yìn ìyẹn ó di ọ̀rọ̀ tó máa ń fẹ̀rín sọ. Bí mo bá kàn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, á ní, "Ìyá ilé, má fọwọ́ kàn án o." Ìfẹ́ ló fi ń sọ ọ́, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n téèyàn bá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lójoojúmọ́, á wọ̀ ọ́ lára, á sì di pé òun fúnra ẹ̀ ló ń sọ ọ́ fún ara ẹ̀.

Ìpinnu tí èmi àti ẹ̀gbọ́n jọ ṣe ni pé kò ní tà á títí n óò fi jáde opó. Bí mo bá jáde, kí n tẹ iṣẹ́ kan níṣojú òun. Bó bá mọ́, kí n máa bá ṣọ́ọ̀bù mi lọ. Bí kò bá mọ́, kí ẹni tó fẹ́ rà á wá gbé e. Mo ní mo gbà. Ẹnu mi ló gbà o, ọkàn mi ò gbà.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí ọkọ mi nìyẹn. Ìwé tí ẹ̀rọ bà jẹ́, tí ẹ̀yìn ẹ̀ ṣì funfun, pọ̀ nílé wa bí iyanrìn, torí ọkọ mi kì í dà á nù. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, màá fa ọ̀kan yọ, màá kọ ọ̀rọ̀ sẹ́yìn ẹ̀. Kì í ṣe àdúrà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdágbére. Ìjà ni. "Ẹ ní kí n má fọwọ́ kàn án. Ẹ wá lọ, ẹ fi èmi àti ẹ̀rọ sílẹ̀. Ta ló wá fẹ́ fọwọ́ kàn án báyìí, ṣé málàíkà ni?" Ẹ má dá mi lẹ́jọ́. Mo nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin náà, inú sì ń bí mi sí i.

Nígbà tó yá, inú tó ń bí mi rọlẹ̀, ẹ̀rù wá jókòó sáyè ẹ̀. Mo kọ ìyẹn náà. "Ẹ̀rù rólà ń bà mí. Ẹ̀rù ń bà mí kí ẹ̀gbọ́n yín má lọ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Èyí tó pọ̀ jù ni pé ẹ̀rù ń bà mí pé òótọ́ lẹ sọ." Mi ò mọ ohun tó wà nínú kíkọ nǹkan sílẹ̀. Ẹ̀rù tó ń fún mi lọ́rùn nínú òkùnkùn, bí mo bá ti kọ ọ́ sórí ìwé, mo máa ń rí ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ àti ìparí ẹ̀. Ó ń bà mí síbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ibi tó mọ.

Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ bí ọkọ mi ṣe máa ń ṣe iṣẹ́ náà. Mo rò pé mi ò mọ nǹkan kan. Irọ́ ni! Gbogbo ọdún tí mo fi kọ ẹ̀yìn sí ẹ̀rọ yẹn, etí mi ò kẹ̀yìn sí i. Mo mọ̀ pé bí íńkì bá pọ̀ jù, rólà á máa dún bí ẹsẹ̀ tó ń wọ́ nínú ẹrẹ̀. Mo mọ ìgbà tí omi bá pọ̀ lórí pléètì, irin pẹlẹbẹ tí ọ̀rọ̀ wà lára ẹ̀, torí pé ọkọ mi á pòṣé, á ní ìwé ti ṣá, á sì ti nǹkan kan tó máa dún kẹ̀rẹ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe ń rántí. Ohun tí mi ò bá rántí, màá béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ nínú ìwé náà: "Ṣé ẹ máa ń fọ rólà kẹ́ ẹ tó jẹun ni, àbí lẹ́yìn oúnjẹ?" Nígbà míì, bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, èsì á ti sọ sí mi lọ́kàn.

Ìwé ò sì ṣe iṣẹ́ ìyanu o. Àwọn àárọ̀ kan wà tí gbogbo ohun tí mo lè kọ kò ju pé, "Mo na ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó tutù." Màá ká a, màá dùbúlẹ̀ padà.

Ọ̀rẹ́ mi kan máa ń wá kí mi. Ọmọ Ìlàjẹ ni, etí omi ní Bàrígà níbí ló ń gbé, ẹja yíyan ló ń tà. Bí inú bá ń bí i, á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ èdè ilé wọn, mi ò ní gbọ́ ẹyọ kan. Ó rí òkìtì ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ́jọ́ kan.

"Kí lò ń kọ tó tó báyìí? Ṣé o fẹ́ di lọ́yà ni?"

"Ọkọ mi ni mò ń bá sọ̀rọ̀."

Ẹ̀rín kúrò lójú ẹ̀. Ó gbé abọ́ ẹja sílẹ̀, ó jókòó tì mí. "Ó dáa," ó ní. "Bá a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa ń bọ̀, ìwọ lo máa tẹ ìwé ìpè wa."

"Bí mo bá bà á jẹ́ ńkọ́?"

"Wàá tún un tẹ̀ ni! Ṣé inú ọ̀sà ló bọ́ sí?"

Ọjọ́ tí mo jáde opó, mo wẹ̀, wọ́n ṣàdúrà fún mi, mo pààrọ̀ aṣọ. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo gba Fọlá Agoro lọ. Ẹ̀gbọ́n ti ṣí ṣọ́ọ̀bù dè mí. Òórùn íńkì àti kẹrosíìnì pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, òórùn aṣọ ọkọ mi gan-an ni. Iná ò sí. Mo tan jẹnẹrétọ̀, mo ká híjáàbù mi sẹ́yìn, mo dè é pinpin. Mo to ìwé ìkórè ọ̀rẹ́ mi sí ẹ̀rọ. Ẹ̀gbọ́n káwọ́ gbera, ó dúró.

Èyí tó kọ́kọ́ jáde dúdú bí ìdí ìkòkò. Èyí tó tẹ̀ lé e náà ò sàn.

"Ìyàwó..."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì sọ ọ́."

Mò ń gbọ́ ohùn ọkọ mi pé kí n má fọwọ́ kàn án. Mo pa ẹ̀rọ náà. Mo sọ ọ́ jáde lẹ́nu, bí mo ṣe máa ń kọ ọ́: "Ẹ̀rù rólà ń bà mí." Ẹ̀gbọ́n wò mí bí ẹni pé orí mi ti dàrú. Mo tan ẹ̀rọ padà láìfi ìwé sí i, mo di ojú, mo sì gbọ́ ọ. Ẹsẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Íńkì ló pọ̀! Mo pa á, mo họ ọ́ kúrò, mo nù ún, mo dín in kù, mo sì tún fi ìwé sí i.

Ó jáde. Ẹ̀gbọ́n mú un, ó fi àtàǹpàkò ra á, ó gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà.

"Ó mọ́," ó ní. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lápò, ó gbé e sórí tábìlì. "Ọlọ́run á dúró tì ẹ́." Ó yára jáde, kò fẹ́ kí n rí ojú òun.

Mo fa òmíràn yọ. Ó mọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ, gbogbo lẹ́tà dúró gán-ún. Inú mi dùn, mi ò ní parọ́. Inú mi dùn débi tí mo fi yíjú padà, mo na ìwé náà, mo sì ké pé, "Ẹ wá wò ó! Ẹ wá wo nǹkan tí mo ṣe o!"

Kò sẹ́nì kankan lẹ́yìn mi. Jẹnẹrétọ̀ ń dún lọ. Gbogbo àárọ̀ tí mo fi ṣopó ni mo fi ń kọ̀wé sí ọkùnrin yìí, mo bá a jà, mo bẹ̀ ẹ́, mo bi í léèrè ọ̀rọ̀, kò sì sọ sí mi lọ́kàn rí pé kò ní kà á. Ibẹ̀ ló ti ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Mo pa ẹ̀rọ, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìkórè lórí itan mi, mo wá sunkún ọkọ mi bí ẹni pé àárọ̀ yẹn ni wọ́n ń gbé e jáde.