Ooru Kì Í Mú Orlan

Kò sẹ́ni tó ń gbé ní àdúgbò wa ní Mesa, ìlú inú aṣálẹ̀, tí kò gbọ́ nípa ọjọ́ tí àwọn panápaná wá ká Orlan Tveit mọ́ ìdí oúnjẹ ọ̀sán. Oṣù Keje ni, ìgbà tí ooru máa ń mú jù níbí. Lóṣù yẹn, ajá wa gan-an máa ń wọ bàtà kó tó tẹ títì, àwa arúgbó sì máa ń há mọ́ ìdí éésì bí eku inú ihò. Àfi Orlan. Orlan gbé tábìlì síta lójú òrùn ọ̀sán gangan, ó wọ súwẹ́tà onírun àgùntàn tí ìyá rẹ̀ hun fún un nígbà ọ̀dọ́, ó sì ń bu ọbẹ̀ tó ń hó yèè sínú abọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Delmer, ló jókòó níwájú rẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ náà ló dé láti Dakota, ilẹ̀ òtútù tí wọ́n bí wọn sí, kò sì tíì bọ́ jákẹ́ẹ̀tì ọrùn rẹ̀.

"Ṣé ara ẹ le?" ni Delmer bi í. Òógùn ń kán tó-tó-tó láti imú rẹ̀ sínú ọbẹ̀.

"Kí ló fẹ́ ṣe mí? Ṣé o ò rí i bí atẹ́gùn ṣe ń fẹ́ ni?"

"Ojú ẹ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ o."

"Ata inú ọbẹ̀ ni."

"Kò sí ata nínú ọbẹ̀ yìí, Orlan."

"Á jẹ́ pé inú mi dùn láti rí ẹ ni."

LaVonne, ìyàwó Orlan, yọjú lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ̀yin wèrè méjèèjì, ẹ wọlé o!" Wọ́n tún bu ọbẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí i pé Delmer ti ń bá ìgò iyọ̀ sọ̀rọ̀, tó sì ń pe ìgò náà ní Bernadine, orúkọ ìyàwó rẹ̀ tó ti kú, kò dúró jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dé etí ìgò ata. Ó sáré gbé fóònù pe àwọn panápaná, tó jẹ́ pé àwọn ló máa ń kọ́kọ́ dé gbé aláìsàn níbí.

Nígbà tí wọ́n dé, ọ̀dọ́ kan nínú wọn kúnlẹ̀ ti Orlan. "Bàbá, ṣé ooru ń mú yín?"

Orlan la ojú kan. "Ooru bíi ti báwo? Ooru gbígbẹ nìyí, ọmọ mi. Ooru gbígbẹ kì í mú èèyàn."

Wọ́n kọjú sí Delmer. "Ó lè burú jù báyìí lọ," ni Delmer wí, ó sì rọra yọ̀ bọ́ sílẹ̀ lórí àga.

Inú áńbúláǹsì kan náà ni wọ́n kó àwọn méjèèjì sí. Nọ́ọ̀sì tó tẹ̀ lé wọn sọ pé títí wọ́n fi dé ọsibítù, ìjà ni wọ́n ń jà.

"Ìwọ ni wọ́n kọ́kọ́ gbé," ni Orlan ń wí.

"Ẹni tó bá wúwo jù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbé," ni Delmer fèsì.

Kí ẹ tó bú wọn, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Oko màlúù kan ní Dakota ni wọ́n bí wọn sí, níbi tí itọ́ ti ń di yìnyín kó tó balẹ̀. Èèwọ̀ ni láti ráhùn nítorí ojú ọjọ́ nílé bàbá wọn. Nígbà tí òtútù jẹ ìka ọwọ́ bàbá náà méjì, ohun tó sọ kò ju pé: "Ó lè burú jù báyìí lọ. Ó lè jẹ́ mẹ́ta." Ó sì padà sídìí màlúù rẹ̀.

Nígbà tí Orlan fẹ̀yìn tì, tó ta màlúù tirẹ̀, tó sì ń di ẹrù bọ̀ ní Mesa, inú yìnyín tó mù ún dé orúnkún ni Delmer dúró sí tó ń fi í ṣẹ̀sín. "Ooru á lé ẹ padà wálé, wàá máa sá bí ajá tó jí ẹran."

"Òtútù á lé ìwọ náà wá bá mi, wàá máa gbọ̀n," ni Orlan dá a lóhùn.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti fọwọ́ sí i: ẹni tó bá kọ́kọ́ ráhùn nítorí ojú ọjọ́ ibi tó ń gbé, kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ kó lọ bá ẹnì kejì gbé. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Láàárín àwọn èèyàn yẹn, bíbọ ọwọ́ ju ìbúra lọ.

Bó ṣe di pé ooru kì í mú Orlan mọ́ láyé nìyẹn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn níbí, ẹni bá fọwọ́ lásán di ọwọ́ tí wọ́n fi ń darí mọ́tò mú á jó. Ìbọ̀wọ́ tí LaVonne fi ń gbé àwo kúrò nínú ààrò ni Orlan fi ń wakọ̀, àwòrán adìyẹ sì wà lára rẹ̀. "Oge ni mo ń ṣe," ni yóò wí. Omi ẹ̀rọ tó yẹ kó tutù máa ń gbóná débi téèyàn lè fi po tíì. Àwa a máa kùn. Orlan á ní, "Ìlú tó ń gbé omi gbígbóná fún yín lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ tún ń bú u. Aláìmoore ni yín!"

Lọ́jọ́ kan, wọ́n ní kí oníkálukú gbé oúnjẹ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Orlan gé ọ̀dùnkún àti ẹran tútù sínú àwo, ó gbé e sínú mọ́tò tó ti wíńdò rẹ̀ pa, ó ní kí òrùn bá òun sè é. Ní ìrọ̀lẹ́, ó gbé e wọ ṣọ́ọ̀ṣì tayọ̀tayọ̀. Ọlọ́run ló yọ wá, pásítọ̀ ló kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, ara rẹ̀ sì le dáadáa. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a ò rí ìwàásù gbọ́, inú ṣì ń run pásítọ̀.

Ṣùgbọ́n ayé Orlan gan-an ni ìgbà òtútù. Ó gbé ṣọ́bìrì ìkóyìnyín wá láti Dakota, ó sì gbé e kọ́ sára ògiri ìta. Bí a bá bi í pé kí ló fẹ́ fi í ṣe nínú aṣálẹ̀, á ní, "Mo fẹ́ máa wò ó, kí n má sì fọwọ́ kàn án." Láràárọ̀, bí kọfí bá ti délẹ̀, á pe Delmer.

"Yìnyín ń bọ́ lọ́dọ̀ yín?"

"Díẹ̀ ni. Mi ò tíì rí ilẹ̀kùn ilé màlúù láti àná."

"Dúró ná, gbọ́ nǹkan kan." Orlan á gbé fóònù dé ìdí igi ọsàn ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, á já ọsàn kan. "O gbọ́ ọ? Ọsàn nìyẹn. Láti orí igi. Nínú oṣù Kìíní. Síńgílẹ́ẹ̀tì ni mo sì wọ̀."

"Mo gbọ́ ohùn òmùgọ̀ kan," ni Delmer á wí, á sì pa fóònù.

A rò pé ìyàǹgàn lásán ni, àfìgbà tí Bernadine kú, tí Delmer wá ku òun nìkan nínú oko ńlá yẹn. Fóònù àárọ̀ wá ń pẹ́ sí i. LaVonne kò lè pa á mọ́ra mọ́.

"Sọ fún un pé kó máa bọ̀, Orlan. Kí ló le níbẹ̀?"

"Tí mo bá ní kó máa bọ̀, á rò pé àánú rẹ̀ ló ń ṣe mí. Kò ní wá. Àfi kó ráhùn fúnra rẹ̀."

"Kí ìwọ ráhùn nígbà náà, ká padà lọ bá a."

Orlan wo orúnkún rẹ̀ méjèèjì, tí òtútù Dakota fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ di igi kí wọ́n tó wá síbí, tó sì ń fi jó ní gbọ̀ngàn àwa arúgbó báyìí. "Ooru wo ni mo fẹ́ ráhùn sí?" ló wí. "Kò mú mi."

Ọ̀rọ̀ "kò mú mi" yìí kan náà ló ń tún sọ fún Delmer lórí fóònù, tí Delmer fi ní ẹnikẹ́ni lè yangàn lóṣù Kìíní, òun ń bọ̀ lóṣù Keje wá wo irọ́ náà. Ọbẹ̀ gbígbóná ọjọ́ yẹn ló tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n dá wọn sílẹ̀ ní ọsibítù, Delmer padà sí Dakota, àwọn méjèèjì kò ráhùn, ìlérí sì wà bó ṣe wà.

Oṣù Kìíní tó tẹ̀ lé e ni Orlan kú, nídìí igi ọsàn rẹ̀, kété lẹ́yìn tó pa fóònù. Delmer dé fún ìsìnkú pẹ̀lú kóòtù gígùn tó ń gbá a lẹ́sẹ̀. Pásítọ̀ ní kó bá wa sọ̀rọ̀. Ó dìde, kò wo ẹnì kankan nínú wa, pósí ló kọjú sí.

"Orlan," ló wí, "ó tutù lọ́hùn-ún."

Àwa tí a mọ̀ nípa ìlérí wọn na ọrùn síwájú.

"Ó tutù gan-an ni. Láti ọjọ́ tí o ti kúrò níbẹ̀ ló ti tutù. Òtútù yẹn fẹ́ pa mí, àbúrò mi."

LaVonne fò dìde níwájú, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ ọ o! Ẹlẹ́rìí ni gbogbo yín! Ó ti ráhùn!" Mi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti pàtẹ́wọ́ nídìí òkú rí, àmọ́ a pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́ náà, pásítọ̀ pàápàá pàtẹ́wọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, LaVonne mú Delmer lọ sí yàrá ẹ̀yìn nílé wọn. Bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀, aṣọ orí rẹ̀ mọ́ tónítóní. "Gbogbo Sátidé ni Orlan ń pààrọ̀ rẹ̀," ni LaVonne wí, "láti ọjọ́ tí Bernadine ti kú." Delmer jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì náà, ó fi ọwọ́ bo ojú. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀dì yìí ti le jù." LaVonne mọ̀ pé kò ní lọ mọ́.

Láti ìgbà náà, kò tíì panu mọ́. Ìráhùn tó ti kó pa mọ́ láti kékeré ló ń ná. Ooru mú un, omi ẹ̀rọ bó o, òkúta wẹ́wẹ́ ojúde dà á láàmú, kọfí LaVonne kò sì dára tó. Àwa náà ń gbọ́, a ò dá a dúró.

Ohun kan ṣoṣo ni kì í ráhùn sí. Lóṣù Kìíní tó kọjá, fóònù ilé dún ní àkókò kọfí, bó ṣe máa ń dún nígbà ayé Orlan. LaVonne gbé e, ó wo ojú fèrèsé. Delmer ló dúró sídìí igi ọsàn ẹ̀yìnkùlé, ó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan, ọsàn wà ní èkejì.

"O gbọ́ ọ?" ló bi í.

"Mo gbọ́ ọ, Delmer."

"Láràárọ̀ ni Orlan máa ń ní kí n gbọ́ ọ," ni Delmer wí. "Mi ò mọ̀ pé ṣe ló ń pè mí pé kí n máa bọ̀."