Ẹrẹ̀ Gọ́tà Lẹ́nu Ọ̀nà Ṣọ́ọ̀ṣì

Òórùn ẹrẹ̀ gọ́tà kì í jẹ́ kí n gbàgbé bàbá mi. Télọ̀ ni wọ́n ní Kaneshie, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ìsinmi, àwọn ló ń ka ẹ̀kọ́ Bíbélì nínú ìjọ àwa Yorùbá, nítòsí ilé wa ní Darkuman. Àwa tí wọ́n bí sí Accra ń gbọ́ Yorùbá o, àmọ́ bí a bá la ẹnu, èdè Twi ló máa ń kọ́kọ́ jáde. Bí bàbá mi bá wá ń kàwé, àwọn ìyá àgbà á dijú bí ẹni tó ń mu omi tútù.

Ọjọ́ Sátidé kan, òjò bẹ̀rẹ̀ nírọ̀lẹ́, kò dá títí ilẹ̀ fi mọ́. Gọ́tà ẹ̀yìn ilé dí, omi ya wọ yàrá onílé wa, ìyá arúgbó kan tó jẹ́ ará Gã, àwọn tó ni ilẹ̀ Accra. Aṣojú àdúgbò lu agogo kiri láàárọ̀ pé kí ilé kọ̀ọ̀kan mú ẹnì kan jáde pẹ̀lú ṣọ́bìrì. Bàbá mi ti wọ kóòtù tán. Wọ́n bọ́ ọ, wọ́n ká ṣòkòtò sókè.

"Bàbá wọn, ìjọ ń dúró dè yín o," ni ìyá mi wí.

"Ẹ máa lọ ná. Bí Alata kan ò bá jáde, wọn ò ní sọ pé ẹnì kan ni. Wọ́n á ní àwọn Alata ò jáde." Alata ni àwọn onílùú ń pe àwa Yorùbá.

Bí a ṣe ń lọ, mo gbọ́ tí káfíńtà ìtòsí wa ń fi Twi yọ bàbá mi lẹ́nu pé, "Alata, Ọlọ́run rẹ ò ní wá ọ lónìí?"

"Ó mọ ibi tí mo wà," ni bàbá mi dáhùn. "Gbá ẹrẹ̀ tìẹ sọ́hùn-ún."

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àga òǹkàwé ṣófo. Bàbá ìjọ na ìka sí mi láàárín àwọn akọrin. Mo gòkè bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi joyè, èmi tí mo ti máa ń sọ nílé pé kí ló le níbẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà, kò pẹ́ tí mo fi rì. Àwọn ọmọdé ń fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Mo dé orí ọ̀rọ̀ kan, ahọ́n mi kọ̀. Ni ohùn kan bá ti ẹnu ọ̀nà wá, jẹ́jẹ́, ó pè é fún mi. Bàbá mi ni. Wọ́n dúró níta, ẹrẹ̀ dé orúnkún wọn, wọn ò fẹ́ fi tẹ ilé Olúwa.

Lọ́sẹ̀ yẹn, àwọn àgbà ìjọ ní iṣẹ́ ìlú ò gbọdọ̀ ṣíwájú iṣẹ́ Ọlọ́run, kí bàbá mi lọ sinmi ná nídìí ẹ̀kọ́ kíkà. Gbogbo wa la mọ ohun tí ìyẹn jẹ́: kí bàbá mi wá àgbà kan tí yóò bá wọn bẹ̀bẹ̀, kí ọ̀rọ̀ sì tán. Bàbá mi ò rán ẹnikẹ́ni. "Kí n máa bẹ̀bẹ̀ pé mo gbọ́n omi kúrò ní yàrá arúgbó?" Àwọn àgbà ń retí oníbẹ̀bẹ̀, bàbá mi ń retí ìpè. Ìyá onílé wa ní òun yóò lọ bá àwọn àgbà sọ ọ́, wọ́n ní àlejò kì í dá sí ọ̀rọ̀ ẹbí. Ará Gã, ní Accra, ni wọ́n pè ní àlejò. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà kún ọjà tiwa, orí ọmọ wọ́ síbẹ̀.

Ìsinmi náà di ọdún lórí ọdún. Nígbà tí kò sẹ́ni tó lè kà á bó ṣe yẹ, wọ́n yí ẹ̀kọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá mi ò kúrò nínú ìjọ. Ẹ̀yìn ni wọ́n ń jókòó, Bíbélì Yorùbá wọn á ṣí sílẹ̀ lórí itan, ètè wọn á máa mì. Bí òjò bá sì rọ̀, àwọn ló ń kọ́kọ́ dé etí gọ́tà.

Nígbà tí bàbá mi kú, àdúgbò kún ṣọ́ọ̀ṣì dé títì. Àwọn àgbà tó kù ní kí n ka ẹ̀kọ́ ní Yorùbá, kó lè jẹ́ ẹ̀yẹ fún bàbá mi. Mo ti kọ́ ọ tán nílé. Síbẹ̀ mo dé ibì kan, ahọ́n mi kọ̀, mo sì gbójú sókè, mo wo ẹnu ọ̀nà. Káfíńtà àti ìyá onílé wa ló dúró níbẹ̀. Wọn ò gbọ́ Yorùbá.

Èmi náà ti ń hu ewú báyìí. Bí mo bá ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ lẹ́yìn òjò, mo máa ń wo bí ọ̀nà ibẹ̀ sí etí gọ́tà ṣe kúrú tó. Bí èèyàn bá pe ẹnì kan lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, yóò gbọ́ ọ ní etí gọ́tà. Kò sẹ́ni tó pe bàbá mi.