Kí Ni Màdáàmù Afusat Ń Wá Lórí Àjà Kẹta?

Afusat Mákánjúọlá, olùkọ́ èdè Faransé ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ìjọba kan ní Ajah, ti kú. Ó já bọ́ láti àjà kẹta ilé kan tí wọn kò tíì kọ́ parí ní Lẹ́kkí, níbi tí àtẹ̀gùn kò ti ní ohun tí ènìyàn lè dì mú. Ọjọ́ Sátidé ni. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n sin ín, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn rẹ̀ ti wí.

Ẹ jẹ́ kí n ka ohun tó bàjẹ́, kí n sì sọ ẹni tó mọ̀, nítorí mi ò ní sùúrù fún ọ̀rọ̀ àyípo mọ́. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó yẹ kí olùkọ́ èdè máa lọ ní òdìkejì ẹnu ibodè lọ́dọọdún, ẹlòmíràn ló ń lọ. Ọ́fíìsì tó ń bójú tó àwọn olùkọ́ èdè àjèjì mọ̀. Ẹ̀rọ tí àwọn ọmọ fi ń gbọ́ ohùn Faransé nílé-ìwé ti dákẹ́, eku ti bímọ sínú àpótí rẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé mọ̀. Ìwádìí tí obìnrin yìí fẹ́ ṣe, wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ níbi ìpàdé. Gbogbo ẹni tó jókòó síbẹ̀ ló mọ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín. Obìnrin yìí sì ń gun ilé tí kò parí kiri lọ́jọ́ Sátidé nítorí iṣẹ́ ìjọba. Ẹgbẹ́ àwa òbí mọ̀, à ń pè é ní akínkanjú. Ó kúkú rọrùn láti pe ènìyàn ní akínkanjú ju kí á tún ẹ̀rọ ṣe fún un lọ.

Nígbà tó wá kú tán, kí ni ọ́fíìsì náà sọ? Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ara ẹni ni. Wọ́n ní àwọn kò rán an níṣẹ́.

Ẹ dúró ná, kí n sọ ẹni tí wọn kò rán níṣẹ́ fún yín.

Màdáàmù ni gbogbo ayé ń pè é. Ní Jakande níbi tó ń gbé, ẹni tó ń ta ẹran ń pè é bẹ́ẹ̀, lèmọ́mù ń pè é bẹ́ẹ̀, ọkọ rẹ̀ Ìsìmáílà tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Ajah náà ń pè é bẹ́ẹ̀ bó bá fẹ́ kó rẹ́rìn-ín. Obìnrin kúkúrú, ohùn rẹ̀ kò kéré. Tó bá wọ kíláàsì, yóò kọ́kọ́ ṣí fèrèsé gbogbo, yóò ní Faransé kì í wọ ibi tí atẹ́gùn kò bá wọ̀.

Ohun kan wà tó rí tí ẹlòmíràn kò rí. Àwọn ọmọ tó ń lọ kéú, àwọn ọmọ oníṣòwò àti awakọ̀ tí àwọn olùkọ́ mìíràn ń pè ní olórí kunkun, àwọn gan-an ni ọ̀fun wọn tètè mọ ọ̀nà nínú Faransé. Ohùn kan wà nínú Faransé tó máa ń dún bíi pé èèyàn ń yí omi nínú ọ̀fun. Ó jọ lẹ́tà Lárúbáwá kan tí àwọn ọmọ wọ̀nyí ti ń pè láti kékeré lórí ẹní ilé kéú. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì rẹ̀ lọ́jọ́ kan tí mo wá rí i nítorí ìpàdé òbí. Ó pe ọmọ kan dìde.

“Fàtíù, lẹ́tà tí áfáà yín máa ń torí ẹ̀ nà yín tí ẹ ò bá pè é dáadáa, pè é ká gbọ́.”

Fàtíù pè é. Gbogbo kíláàsì hó.

“Ọ̀fun yẹn náà ni kí o gbé bọ̀ wá sí Párìsì. Ó yá.”

Ọmọ náà pe Párìsì bí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Olúwatúnmiṣe, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ pásítọ̀, nawọ́ sókè. “Màdáàmù, ṣé kí èmi náà lọ bẹ̀rẹ̀ kéú ni?”

“Jókòó ti Fàtíù, kí o máa wo ẹnu rẹ̀,” ló fi dá a lóhùn. “Ọ̀fun ò ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì ní mọ́ṣáláṣí.”

Èyí ni Màdáàmù fẹ́ ṣe ìwádìí lé lórí: bí ọmọ Ajah tó ti mọ Yorùbá, tó gbọ́ Lárúbáwá díẹ̀, tó ń sọ pijin lójú títì, ṣe lè fi gbogbo rẹ̀ gun òkè Faransé. Ó dìde níbi ìpàdé ọ́fíìsì náà, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun dán an wò ní ilé-ìwé mélòó kan. Àyè àti ìyọ̀ǹda ló tọrọ, kò tọrọ nǹkan mìíràn. Ọ̀gá Dúró, tó wà nídìí tábìlì iwájú, ní, “Màdáàmù, ẹ fi ìwádìí sílẹ̀ fún àwọn ará yunifásítì jàre. Ẹ lọ máa kọ́ wọn ní bọ́ńjúù.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó jókòó. Ó fi gèlè nu ojú bí ẹni tí òógùn mú.

Ta wá ni Ọ̀gá Dúró? Òun ni igbákejì ọ̀gá ọ́fíìsì náà. Iṣẹ́ tó ń ṣe kó tó dé ibẹ̀ ni pínpín àga àti tábìlì fún àwọn ilé-ìwé. Mi ò bú u. Àga ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n lọ́dọọdún ni àyè kan máa ń wà fún olùkọ́ Faransé láti agbègbè wa, láti lọ kọ́ṣẹ́ sí i ní Àjàṣẹ́, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń pín àyè náà rèé: ẹni tó bá dàgbà jù lẹ́nu iṣẹ́ ní ọ́fíìsì ló ń mú un. Wọ́n ní àṣà ni. Nílé Yorùbá, àgbà ló ń kọ́kọ́ nawọ́ sí ẹran nínú àwo. Mo gbà, ó dára bẹ́ẹ̀. Ta ló wá sọ fún wọn pé ẹran ni ẹ̀kọ́?

Ọ̀gá Dúró lọ sí Àjàṣẹ́. Ẹ̀yin náà mọ Àjàṣẹ́. Ìlú tó jẹ́ pé Yorùbá kún inú rẹ̀ dẹ́nu. Ó sọ Yorùbá lọ, ó sọ Yorùbá ra búrẹ́dì, ó sọ Yorùbá sùn, ó sọ Yorùbá jí. Inú kíláàsì nìkan ni ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́. Ó wá tẹ Màdáàmù láago láti ibẹ̀. Bàṣírát, olùkọ́ ọ̀dọ́ tó jókòó ti Màdáàmù ní yàrá àwọn olùkọ́, gbọ́ gbogbo rẹ̀.

“Màdáàmù, ẹ gbà mí. Obìnrin tó ń kọ́ wa yìí ti bi mí ní nǹkan kan lẹ́ẹ̀mejì. Kí ni kí n fi dá a lóhùn?”

“Kí ló bi yín, sà?”

“Tí mo bá mọ̀, ṣé màá pè yín ni?”

Yàrá àwọn olùkọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ wó fún ẹ̀rín. Màdáàmù kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, “Ẹ gbé fóònù fún un, sà.” Ó bá obìnrin náà sọ̀rọ̀. Bàṣírát ní ojú rẹ̀ tàn bí ọmọdé tí wọ́n gbé gun ẹṣin. Ó bi í léèrè ohun tí wọ́n ń kọ́, ó bi í bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ, ó dúpẹ́, ó tún dúpẹ́, títí Ọ̀gá Dúró fi gba fóònù rẹ̀. Ìpè yẹn nìkan ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ọ́fíìsì náà fún Afusat Mákánjúọlá títí ó fi kú.

Níbi tí mo ti kọ́ ìmọ̀ òwò, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ mọ́ wa létí ni pé ẹni tó ń lo ẹ̀rọ ni kí o rán lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ilé-iṣẹ́ tó bá rán onígéètì lọ kọ́ kátàpílà, tó ní kí awakọ̀ kátàpílà dúró ti géètì, kò ní pẹ́ kó kógbá wọlé. Ṣùgbọ́n ọ́fíìsì ìjọba kì í kógbá wọlé. Ènìyàn ló ń kú níbẹ̀.

Nígbà tí wọn kò gbé Màdáàmù lọ sí Àjàṣẹ́, ó ní kò burú, ẹnu tó ń sọ Faransé sáà wà ní Lẹ́kkí. Ta ló ń lẹ táìlì sí àwọn ilé ńláńlá wọ̀nyẹn? Ta ló ń ṣe àjà wọn lọ́ṣọ̀ọ́? Àwọn ọmọ Kútọnu àti Lòmé ni. Bí wọ́n ti ń po sìmẹ́ńtì ni wọ́n ń fi Faransé pa ara wọn lẹ́rìn-ín. Ní Sátidé, Ìsìmáílà yóò fi kẹ̀kẹ́ gbé ìyàwó rẹ̀ lọ sí sáìtì. Màdáàmù yóò fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀, yóò gbé e lọ sí kíláàsì lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kí àwọn ọmọ lè gbọ́ Faransé lẹ́nu ẹni tó ń fi í jẹun.

Clement, ọmọ Kútọnu tó jẹ́ olórí àwọn tó ń lẹ táìlì, bá mi sọ̀rọ̀. Kò lè wo ojú mi. “Mo sọ fún un pé, Màdáàmù, Faransé tèmi, Faransé sìmẹ́ńtì ni o. Ó ní, ‘Clement, òun gan-an ni mò ń wá.’” Òjò ti rọ̀ mọ́jú ọjọ́ tó kú, ilẹ̀ ń yọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń lẹ táìlì ń ru táìlì bọ̀ lẹ́yìn Màdáàmù lórí àtẹ̀gùn. Màdáàmù fẹ́ yà fún un. Ó fi Faransé bẹ ọkùnrin náà pé kó máà bínú, ó fi ẹsẹ̀ sẹ́yìn, ó tẹ òfìfo.

Ẹ̀bẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn láyé. Òun tó yẹ kí gbogbo wọn bẹ̀!

Ọ̀gá Dúró wá kí wọn ní Jakande. Ó jókòó, ó ṣàdúà, ó wá sọ ọ́ fún ọkọ olóògbé nínú ilé ara rẹ̀ pé, “Ìsìmáílà, ẹ má bínú o, ṣùgbọ́n ọ́fíìsì ò lè sọ pé ẹnu iṣẹ́ ló wà. A ò mọ ohun tó ń wá níbẹ̀.”

Ìsìmáílà wò ó. “Ọ̀gá, èmi ni mo gbé e lọ. Ẹ bi mí. Èmi mọ ohun tó ń wá.”

Ọ̀gá kò bi í.

Ọ̀rọ̀ kan náà, “a ò mọ ohun tó ń wá níbẹ̀,” rìn jáde nílé náà, ó wọ kẹ̀kẹ́, ó dé Ajah. Kó tó dé ilé-ìwé, ó ti sanra. Màríàm, ọmọbìnrin Màdáàmù, ilé-ìwé tí ìyá rẹ̀ ti ń kọ́ni lòun náà ń lọ. Ọmọ kan bi í níwájú ẹgbẹ́ pé, “Ṣé lóòótọ́ ni pé lébìrà ni mọ́mì ẹ lọ bá?” Láti ọjọ́ náà, Màríàm kò wọ yunifọ́ọ̀mù mọ́. Bàbá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Bàṣírát lọ bẹ̀ ẹ́. Ọmọ náà ní òun yóò padà lọ́jọ́ tí ẹnìkan bá sọ ohun tí ìyá òun lọ ṣe síta, kí gbogbo wọn gbọ́.

Ǹjẹ́ ẹ rí i? Obìnrin kan lo ayé rẹ̀ láti fún ọmọ ọlọ́mọ lóhùn. Ọmọ tirẹ̀ wá ń dúró de gbólóhùn kan ṣoṣo lẹ́nu ọ́fíìsì tó mọ òtítọ́. Èló ni gbólóhùn kan? Ìgbìmọ̀ mélòó ló gbọ́dọ̀ jókòó lé e lórí?

Nítorí náà, ohun tí a ń béèrè rèé, kò gùn. Kí ọ̀gá àgbà ọ́fíìsì náà fúnra rẹ̀ wá sí ilé-ìwé ní Ajah, kó dúró níwájú àwọn ọmọ lówùúrọ̀ kí wọ́n tó wọ kíláàsì, kí Màríàm wà níbẹ̀, kó sì sọ ọ́ ketekete pé ẹnu iṣẹ́ ni Afusat Mákánjúọlá kú sí, iṣẹ́ tí àwọn kọ̀ láti ràn án lọ́wọ́ ṣe. Kí àyè Àjàṣẹ́ tọdún yìí sì bọ́ sọ́wọ́ Bàṣírát, tó ti gba kíláàsì Màdáàmù, kì í ṣe sọ́wọ́ ẹni tí ipò kàn.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó kẹ́yìn oṣù yìí, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ni wọ́n ń pa ìwé orúkọ àwọn tó ń lọ sí Àjàṣẹ́ dé. Kí méjèèjì ti wáyé kí aago náà tó lù. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin ará ọ́fíìsì, ní Mọ́ńdè tó tẹ̀lé e, àwa òbí yóò kó àwọn ọmọ kíláàsì Màdáàmù wá sí iwájú ọ́fíìsì yín. Wọn kò ní pariwo. Fàtíù ni yóò béèrè ìdí lọ́wọ́ yín, lédè Faransé tí ìyá Màríàm kọ́ ọ.

Bí ẹ kò bá wá mọ ohun tí ẹ ó fi dá a lóhùn, ẹ má tẹ nọ́ńbà Màdáàmù o. Kò ní gbé e mọ́.