Wọn Kì Í Kí Ará Ìdí Oṣè Ní "Pẹ̀lẹ́"

Ojúọlápé kì í dáhùn "pẹ̀lẹ́". Bí o bá dé Ìdí Oṣè, abà àwọn alárùn ẹ̀tẹ̀ tó wà létí odò lẹ́yìn Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, tí o sì fi ohùn àánú kí i, yóò máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ bí ẹni pé ewúrẹ́ ló ké. "Pẹ̀lẹ́" kọ́ ló kọ́ àwọn ilé náà.

Ládòkun ọkọ rẹ̀ ni àrùn náà kọ́kọ́ mú, tí àwọn ará ilé rẹ̀ fi lé e sígbó. Wọ́n ní kí Ojúọlápé dúró, kó fẹ́ àbúrò ọkọ. Ó ní ọkọ òun kò tíì kú. Ó di ẹrù, ó tẹ̀ lé e. Àwọn méjèèjì po amọ̀, wọ́n mọ ilé kìíní. Àwọn mìíràn tí wọ́n lé nílé wá bá wọn, ilé di púpọ̀. Ládòkun ti kú tipẹ́, àwọn ilé náà sì ti gbó, ṣùgbọ́n ògiri wọn kò là, ilẹ̀ wọn ń dán.

Lọ́dún tó ṣáájú ogun Jámánì, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Ọmọ́wùmí, tó ń gbé lọ́dọ̀ Akínyẹlé ẹ̀gbọ́n Ojúọlápé ní Ìsẹ́yìn, rí ọkọ. Ta ni kò mọ̀ pé bí wọ́n bá ń wádìí ìdílé ìyàwó, ẹ̀tẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń bèèrè? Akínyẹlé sáré wá sí abà.

"Ojúọlápé, ilé mi ni ká ti gba àwọn àna lálejò. Bí bàbá ọkọ bá fojú kan ibí, ọ̀rọ̀ bàjẹ́ nìyẹn."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Mi ò jí ọmọ mi gbé. Ibi tí mo bí i sí ni wọn yóò ti wá tọrọ rẹ̀."

Ojúọlápé fúnra rẹ̀ mọ ewu tó wà ńbẹ̀. Bí wọ́n bá kọ ọmọ náà, agídí òun ló fà á.

Ojúọlápé ń fi ẹrẹ̀ pa ilẹ̀ ilé lọ́jọ́ tí Akínyẹlé mú Ọ̀jẹ̀túndé, bàbá ọkọ, dé. Ahunṣọ ni, ẹni iyì ní Ìsẹ́yìn. Ó dúró lókèèrè, ó rọ ohùn.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ pẹ̀lẹ́."

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Akínyẹlé pariwo mọ́ àbúrò rẹ̀. "Ojúọlápé, ṣé etí rẹ di ni?"

Ọ̀jẹ̀túndé wò yíká. Ó rí ọkùnrin tí ìka rẹ̀ ti gé, tó ń kọ ebè tó gún régé. Ó rí àwọn obìnrin tó ń ran òwú. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Tirẹ̀ kò tilẹ̀ tó ààbọ̀ kó tó di odindi. Ó ṣí fìlà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Ìdí Oṣè!"

"Òo! Ẹ káàbọ̀ o!" Gbogbo abà ló dáhùn, orí Ojúọlápé sì wú.

Ó fọwọ́, ó bu omi sínú igbá, ó kúnlẹ̀ gbé e fún àlejò. Akínyẹlé sorí kọ́. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti tẹ abà náà dó, òun kò mu omi ibẹ̀ rí. Ọ̀jẹ̀túndé gbé igbá sẹ́nu, ó mu ún tán pátá, ó sì na igbá padà.

"Àna mi, omi yín tutù. Ẹ tún bù ú fún mi."